Ẹ Gbọ́ Tiwa: Ìwé Ìròyìn Obìnrin Tó Bẹ̀rẹ̀ Lójúde Wa

Kékeré ni mo wà nígbà tí ìjọba gé Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ sí mẹ́ta, tí wọ́n sì sọ Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi ní Ìbàdàn. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ tuntun máa bọ̀ nílé wá ṣiṣẹ́, ni a bá kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, èmi, àbúrò mi ọkùnrin, bàbá wa, ìyá wa, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé àfi òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí Àkúrẹ́ òní, ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà látilẹ̀. Eruku pupa ni wọ́n fi kí wa káàbọ̀. Ilé onílé ni ìjọba háyà tí wọ́n fi ń ṣe ọ́fíìsì, àwọn akọ̀wé mìíràn ò sì rí àga jókòó. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń sọ̀rọ̀ bí ará Ìbàdàn, wọ́n ní ẹnì kan kì í pe "ulé" ní "ilé" lọ́dọ̀ àwọn. Mo bá wọn jà títí wọ́n fi jáwọ́. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, mi kì í gba ìyà.

Ìyá kan ń gbé nínú ilé tó dojú kọ tiwa. Ọmọ Oǹdó pọ́ńbélé ni. Ó ti ṣe tíṣà rí, kó tó wá máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìwé ìròyìn kan, níbi tí wọ́n ti fún un ní ojú ewé ẹyọ kan pé kó máa kọ ọ̀rọ̀ obìnrin síbẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀ obìnrin? Bí a ṣe ń lọ agbádá ọkọ tí kò fi ní jóná. Bí ìyàwó ṣe gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín músẹ́ tí ọkọ bá pẹ́ kó tó wọlé. Ó wá di ọjọ́ kan, ó kọ̀wé nípa àwọn aboyún tó ń fẹsẹ̀ rìn láti àwọn abúlé ẹ̀gbẹ́ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá bímọ ní Àkúrẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ fi bírò pupa wọ́gi lé gbogbo rẹ̀, ó ní kó lọ kọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀. Ìyá náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló sọ di ọ́fíìsì. Ó gbé tábìlì kan síbẹ̀, ó kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó sì kọ orúkọ ìwé ìròyìn náà sí i gàdàgbà: Ẹ GBỌ́ TIWA. Irú èyí tí ẹ̀yin ń pè ní magasíìnì ni, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, obìnrin ló ń kọ ọ́, obìnrin ló ń tà á. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Àǹtí Olóòtú. Kò bímọ, kò sì sí lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ mọ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹnu ayé ń fi irú wọn ṣe. Bí ó bá ń kọjá, àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi á gbóhùn sókè pé ẹni tó bá ṣe ohun tẹ́nìkan ò ṣe rí, ojú rẹ̀ á rí ohun tẹ́nìkan ò rí rí. Òun náà á dá wọn lóhùn láìdúró, á ní, "Ojú mi ti ń rí i, ọwọ́ mi náà sì ń kọ ọ́!"

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. Á jókòó ti àwọn obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ wọn, nínú Ọjà Ọba, nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, nídìí ààrò, á máa bi wọ́n léèrè, á sì máa kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gan-an. Tó bá kọ ọ́ tán, á wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, lọ́dọ̀ onítẹ̀wé kan tó ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi àti ìyá mi bá a lọ nígbà àkọ́kọ́. Baba onítẹ̀wé wo ìwé náà, ó yínmú, ó ní, "Màdáàmù, ta ló fẹ́ ka ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin?" Àǹtí Olóòtú ní, "Bàbá, ìlú tí a gbọ́ pé obìnrin ló kọ́kọ́ jọba níbẹ̀ ni ẹ jókòó sí tí ẹ fi ń bi mí ní irú ìbéèrè yìí?" Bàbá náà fi ọwọ́ nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to lẹ́tà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwé yẹn ta! Àwọn ìyàwó akọ̀wé tó wá láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, láti Òkìtìpupa, gbogbo wọn ló ń ní ohun tí wọ́n fẹ́ wí. Èyí ń ṣàlàyé bí àwọn ṣe ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní púpurú, tọ̀hún ń béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin lè pe ọkọ tí kò bọ́ ọmọ lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù. Àwọn oníwàásù kan bú u lórí pẹpẹ, wọ́n ní ó fẹ́ tú ilé onílé ká, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kò sí ẹyọ kan nínú ìwé náà nílẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń bú u náà ń kà á ní ṣálángá. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ó ṣojú mi kòró!

Obìnrin kan wà ní Ọjà Ọba, Ìyá Aláṣọ là ń pè é, Mùsùlùmí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ó mọ kéwú kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò mọ ABD. Bí mo bá ti iléèwé dé, á pè mí sí ìsọ̀ rẹ̀ pé kí n wá ka Ẹ Gbọ́ Tiwa fún òun. Kò ní pẹ́ tí àwọn aládùúgbò ìsọ̀ á fi pé lé wa lórí, oníbàtà, aláta, elélùbọ́, gbogbo wọn á dákẹ́. Ibi tó bá dùn mọ́ Ìyá Aláṣọ, á ní, "Padà sẹ́yìn, ọmọ mi, tún ibẹ̀ yẹn kà." Nígbà tó yá, ó ní ojú ń ti òun láti máa yá ojú ọmọ ọlọ́mọ lò, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní iléèwé àwọn àgbà. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé ó ya wèrè ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Bí ayé wa ṣe rí nìyẹn kí àìsàn tó dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Kò pẹ́ lórí àìsàn náà tó fi lọ. A gbé e lọ sin sí agbo ilé wọn ní Oǹdó, ìyá mi sì wọ aṣọ dúdú opó. Èmi kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, nítorí ó ṣì ń dùn mí.

Bàbá mi ní àbúrò kan tó jẹ́ pé bàbá mi ló tọ́ ọ dàgbà, tó fi í sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, tó gbéyàwó fún un. Òun la gbójú lé pé yóò dúró tì wá. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ìyá mi ò tíì bọ́ aṣọ opó tó fi wá sí Àkúrẹ́, tó jókòó sórí àga bàbá mi, tó ní òun ti ṣetán láti ṣú ìyá mi lópó. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní òun ò fẹ́ ọkọ mọ́. Ó tún padà wá. Ìyá mi tún kúnlẹ̀, ó tún dúpẹ́, ó tún kọ̀. Ní ìgbà yìí ni ọkùnrin náà la ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìyá mi kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n òun kọ́ sí Àkúrẹ́, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ò ní bá a lọ. Ó ní òun ń bọ̀ wá kó wa lọ sí Oǹdó. Èmi á máa gbé búrẹ́dì kiri fún ìyàwó rẹ̀, àbúrò mi á lọ sí oko kòkó. Nígbà tí ìyá mi béèrè iléèwé wa, ó ní obìnrin tó kàwé náà, ṣebí ìdí ààrò náà ló ń padà sí.

Ìyá mi ò sunkún lójú rẹ̀. Ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì wá wó lulẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló dìde, ó fi omi bọ́jú, ó fà mí lọ́wọ́ kọjá sí òdìkejì ọ̀nà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mú bírò. Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ wí."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi orúkọ, ìjà fẹ́ bẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Àǹtí Olóòtú ní kí ó la orúkọ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Ìyá mi fárí gá, ó ní òun ò jẹ́ ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bóyá ẹ ò mọ̀. Nígbà tiwa, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. "Ọkọ mi" ni gbogbo wọn, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sì sọ wọ́n ló máa fi pè wọ́n: Ìbàdí-àrán, Akọ̀wé, Òpéléńgé. Àbúrò bàbá mi ní eyín tó funfun báláú, láti ìgbà tí ìyá mi sì ti dé ilé wọn ló ti ń pè é ní Eyínfúnjowó. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i. Ó ti jẹ́ orúkọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ìyàwó agbo ilé fi bá ìyá mi pè é.

Àǹtí Olóòtú ní, "Ẹni tó fẹ́ já ọmọ gbà mọ́ ẹ lọ́wọ́, o ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un?"

Ìyá mi ní, "Ìwà tèmi ni mò ń hù. Tirẹ̀ ni kí ẹ kọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sí orúkọ ìlú, kò sí ti agbo ilé. Opó kan ló ń sọ̀rọ̀, tó ní ọkọ òun Eyínfúnjowó fẹ́ lé òun jáde, kó sì kó ọmọ òun lọ. Bí ọkùnrin yẹn bá ti dákẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni ì bá mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ṣé ó wá dákẹ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Àwa obìnrin kún inú ọ́fíìsì Àǹtí Olóòtú, à ń di ìwé tí wọ́n ń kó lọ sọ́jà. Ìyá Aláṣọ wá gbé tirẹ̀, ìyá mi sì ń rán aṣọ lẹ́bàá fèrèsé. Àfi gbàù tí ilẹ̀kùn ṣí! Àbúrò bàbá mi wọlé, ó di ìwé náà mú.

"Ta ló ní kí ẹ gbé mi sínú ìwé?"

Àǹtí Olóòtú ò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Níbo lẹ ti rí orúkọ yín nínú ìwé wa?"

Ó ṣí ìwé náà, ó fìka gún un. "Ibí yìí ńkọ́? Ẹ ò rí i ni? Wọ́n ní Eyínfúnjowó fẹ́ lé opó jáde!"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló tún ń jẹ́ Eyínfúnjowó láyé yìí bí kò ṣe èmi?"

Ìyá Aláṣọ ló kọ́kọ́ patẹ́wọ́, ó ní, "Ó jẹ́ ẹ o! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́ ẹ!" Ẹ̀rín bú sẹ́nu gbogbo wa. Àwọn tó wà níta ń bi ara wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé ń sọ fún wọn, kí ọkùnrin náà sì tó dé ìdí mọ́tò, àwọn aláta ti ń pè é ní Eyínfúnjowó lójú ọ̀nà. Ó pariwo pé òun á pè wá lẹ́jọ́. Àǹtí Olóòtú ní kó lọ, ó ní nǹkan àkọ́kọ́ tí adájọ́ máa bi í ni bóyá òótọ́ ni. Ọkùnrin náà wá nàka sí ìyá mi, ó ní ẹbí ń pè é ní Oǹdó lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kó kó ọmọ dání, nítorí wọn ò ní bá a padà.

Èmi tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò sùn dáadáa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Mo ń di ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìyá mi mú bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ni mí, tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n fi í sílẹ̀, màá bú u.

A lọ. Ìyá mi ò sá. Àǹtí Olóòtú àti Ìyá Aláṣọ bá wa wọ ọkọ̀. Nígbà tí a dé agbo ilé, àwọn àgbà ọkùnrin ti jókòó, olórí ẹbí wà láàárín wọn, àbúrò bàbá mi sì fajú ro lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun kan ló jẹ́ ìyàlẹ́nu. Kò sí èéfín. Tí ẹbí bá ń pé jọ nílé yẹn, àwọn ìyàwó ilé á ti jí gún iyán, òórùn ọbẹ̀ á ti gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ náà, eérú inú ààrò tutù. Gbogbo àwọn ìyàwó ilé jókòó sórí ẹní, wọ́n káwọ́ gbera.

Olórí ẹbí bi ìyàwó rẹ̀ àgbà pé ṣé kò sí oúnjẹ fún àwọn àlejò ni. Màmá arúgbó náà kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní, "Kábíyèsí ilé mi, wọ́n ti ka ọ̀rọ̀ opó yẹn fún wa. Gbogbo wa la mọ orúkọ tó wà níbẹ̀, àwa la jọ ń pè é. Ọmọ tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀yin ọkùnrin ni kẹ́ ẹ máa wẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa gbọ́únjẹ fún un. Ọwọ́ tiwa ò sí níbẹ̀. Nítorí bó bá kàn án lónìí, ta ni kò lè kàn lọ́la nínú wa?" Kò tíì dìde tí àwọn yòókù fi kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìyàwó Eyínfúnjowó gan-an, tó ń ta búrẹ́dì, wà láàárín wọn.

Ọkùnrin náà fò dìde, ó ní ṣé obìnrin ló máa wá máa pàṣẹ fún àwọn nínú ilé bàbá àwọn. Ìyá mi ló dá a lóhùn. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, orí rẹ̀ ò sì tẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi, mo júbà. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, èmi ni mo bí wọn. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ rí wọn, ilé wa ò ní kọ́kọ́rọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n wọn ò ní bá yín lọ." Èmi náà ò mọ ìgbà tí mo sọ̀rọ̀. Mo ní, "A ò lọ!" Wọ́n ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá wà. Mo tún un sọ.

Olórí ẹbí wo ààrò tó tutù, ó wo àwọn obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, ó wò mí. Ó ní òun ò rí irú èyí rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun. Ó ní kí a máa padà sí Àkúrẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì yọ ìyá mi lẹ́nu mọ́ lórí ilé tàbí lórí ọmọ. Ìgbà náà ni àwọn ìyàwó tó dìde lọ dáná.

Ẹ Gbọ́ Tiwa ò wà títí láé. Bébà wọ́n, onítẹ̀wé kú, Àǹtí Olóòtú náà sì darúgbó. Àwọn kan ń sọ pé ìwé kékeré lásán ni, pé kí ló ṣe. Ẹ wá bi mí léèrè ohun tó ṣe! Nítorí rẹ̀ ni Ìyá Aláṣọ fi kàwé, tó sì jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ nílùú òyìnbó. Nítorí rẹ̀ ni àwọn obìnrin Ọjà Ọba fi mọ ọ̀nà kọ́ọ̀tù. Ọjọ́ tí a sin Àǹtí Olóòtú, alága ètò ní òkú náà kò fi ọmọ sáyé. Mo dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kó jókòó, kó lọ ka àwọn tó ń sunkún.

Ayé ti yí padà, mo gbà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin òní, orí fóònù lẹ ti ń sọ tiyín, ẹ ò nílò onítẹ̀wé, ẹ ò nílò ọkọ̀ Oǹdó. Mo ń rí yín, inú mi sì ń dùn. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ti opó mọ́ ìta, pé wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, tí àwọn ìyàwó ilé kan náà sì ń gúnyán fún àwọn tó ṣe é. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Ta ló ní kí ẹ dáná fún wọn?

Ìyá mi gbé ilé yẹn títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, orí ibùsùn ara rẹ̀ ló kú sí, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Àbúrò mi di dókítà. Èmi kàwé, mo ṣe tíṣà, mo fẹ̀yìn tì, inú ilé ìyá mi ni mo sì jókòó sí tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá ṣì wà ní Oǹdó tó rò pé ó yẹ kí wọ́n ti kó mi lọ, ẹ júwe ilé fún un. Ẹni tí wọ́n bá bí dáa, kó wá mú mi.